Ìgbafẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ létí òkun Brighton: àkókò, omi tútù, ẹja Titus àti òfin físà

Ẹ̀kọ́ PGCE ọlọ́dún kan tí èèyàn fi ń di olùkọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 36, inú ilé ìwé, níwájú àwọn ọmọ, lẹ ó sì ti lo ó kéré tán 28 nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kì í tán. Bí ẹ bá parí nóòtù tòní, tọ̀la ń dúró. Bí ẹ bá máàkì ìwé kíláàsì kan tán, ti èkejì ti wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá ní òun ó jẹ́ kí iṣẹ́ tán kí òun tó lọ gbafẹ́ lè gbé Brighton láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kẹfà, kó jẹ́ pé ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì nìkan ni á ti máa rí òkun. Ìgbafẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ kàlẹ́ńdà, kí iṣẹ́ wá tò yí i ká. Nílùú etí òkun, ẹ ó tún wo ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ àti ìgbà tí òkun ń kún, nítorí àwọn méjèèjì kò ní dúró de yín.

Pípín ọ̀sẹ̀

Nígbà TP, ìyẹn ìgbà tí ẹ ń fi kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nílé ìwé, ilé ìwé púpọ̀ ń retí yín ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ kò sì ní rójú kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bó bá jẹ́ Peacehaven tàbí Shoreham ni wọ́n gbé yín sí, aago márùn-ún á ti kọjá kí ẹ tó délé. Ẹ má ṣe fi nǹkan ńlá sí ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè sí Ọjọ́bọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ kan tàbí méjì ṣáájú tiyín, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gba etí òkun délé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tiyín ti àpò ilé ìwé lẹ́yìn. Ẹ ṣe é kí ẹ tó wọlé o. Ẹni tó bá ti bọ́ bàtà tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kì í jáde mọ́.

Lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ẹ pa kọ̀ǹpútà. Nóòtù tí èèyàn bá fi orí tó ti gbó kọ lálẹ́ Fúráìdè, á tún un kọ ní Sọ́ńdè ni. Sátidé ni ẹ ó fi gbogbo ohun tó gba ọjọ́ kan sí: ìrìn gígùn, ìpẹja, ìrìn àjò sí London. Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láti aago méjì dé mẹ́fà, ẹ ṣe nóòtù ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 45 fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bọ́ sí òmíràn nígbà tó bá dún. Mùsùlùmí tó fẹ́ máa lọ kírun Jímọ̀ ní láti sọ fún olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, kí wọ́n tó to tìméètébù, torí pé lẹ́yìn ìgbà náà ó ṣòro kí wọ́n tó tún un tò.

Ìsinmi àárín táàmù máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan: ìparí oṣù Kẹwàá, àárín oṣù Kejì àti ìparí oṣù Karùn-ún. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ara yín pátápátá. Bí ẹ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ parí iṣẹ́ kí ẹ tó sinmi, iṣẹ́ náà á gbòòrò títí á fi gba gbogbo ọ̀sẹ̀.

Oòrùn kì í pẹ́ ní Brighton

Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní ìparí oṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án á kọjá kó tó wọ̀. Wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n sì ń sún un síwájú ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹta. Èyí túmọ̀ sí pé oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá nìkan lẹ ní fún ìgbafẹ́ ìta lẹ́yìn ilé ìwé kí òtútù tó dé, ẹ ò sì tún ní rí i títí oṣù Kẹrin. Ẹ má fi oṣù méjì yẹn ṣòfò lórí títo yàrá.

Láàárín òtútù, ẹ yí sí inú ilé lọ́jọ́ iṣẹ́: ilé ìkàwé Jubilee ní àárín ìlú, tí ẹ ò ní sanwó láti wọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, adágún ìwẹ̀ inú ilé, níbi tí àgbàlagbà tí kò mọ odò wẹ̀ ti lè kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ilọrin kò kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ rí, inú adágún tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló sì dára kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú òkun. Lówùúrọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án géérégé, parkrun, eré sísá fún gbogbo èèyàn, ń lọ ní Preston Park, Hove Park àti etí òkun Hove: kìlómítà márùn-ún ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ rìn lè rìn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú bákóòdù yín dání. Láìsí i, wọn ò ní lè kọ àkókò yín sílẹ̀.

Ohun kan wà tí òtútù nìkan ń mú wá, ó sì yẹ kí ẹ wò ó. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ starling máa ń pé jọ lókè Palace Pier, afárá ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1899, kí wọ́n tó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ sùn. Wọ́n á máa yí pọ̀ lójú ọ̀run, wọ́n á ṣú, wọ́n á tún là. Ẹ débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò sì le. Orí òkúta etí òkun ni kí ẹ dúró sí, ẹ ò nílò láti gun afárá náà. Lóṣù Kejìlá, Sátidé tàbí Sọ́ńdè nìkan lẹ lè bá a, torí ẹ ó ṣì wà ní ilé ìwé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú, ẹ fi èyí sọ́kàn: oòrùn ibẹ̀ kò tó láti fún awọ wa ní fítámì D tó yẹ. Àmọ̀ràn NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, fún àwọn tí awọ wọn dúdú ni kí wọ́n ro ti lílo oògùn fítámì D oní máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún.

Bí a ṣe ń ka àkókò òkun

Èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ etí òkun Èkó ń fojú kéré. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní Brighton, ó lè lé ní mítà márùn-ún. Ibi tí ẹ rìn kọjá ní ọ̀sán lè di omi tó bo orí yín ní ìrọ̀lẹ́.

Láti kíkún kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, ìdí nìyẹn tí àkókò náà fi ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Orí EasyTide, tí iléeṣẹ́ àwòrán òkun ìjọba ń ṣe, ẹ ó rí ti ọjọ́ méje lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá Shoreham tàbí Brighton Marina. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá GMT, aago ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi kọ ọ́. Bó bá jẹ́ GMT, ẹ fi wákàtí kan kún un láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù nìyí, wákàtí kan sì tó láti sé èèyàn mọ́ ẹsẹ̀ bèbè gíga etí òkun.

Omi kì í fi ìwọ̀n kan náà gòkè ní gbogbo wákàtí mẹ́fà tó fi ń kún. Bí ẹ bá pín gíga rẹ̀ sí ọ̀nà 12, ó ń gòkè ní ìdá 1 ní wákàtí àkọ́kọ́, ìdá 2 ní èkejì, ìdá 3 ní ẹ̀kẹta, ìdá 3 ní ẹ̀kẹrin, ìdá 2 ní ìkarùn-ún, ìdá 1 ní ìkẹfà. Ìdajì gbogbo omi náà ń wọlé ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin. Ẹni tó rí i pé omi ń rọra bọ̀, tó wá rò pé bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa bọ̀, kò tíì rí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá di àrànmọ́jú, òkun ń kún jù, ó sì ń fà jù. Ní etíkun Brighton, ní irú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kíkún ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sán gangan àti òru gangan, fífà sì ń bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́fà sí méje, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oore ńlá lèyí fún olùkọ́: láti oṣù Kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, òkun á fà jìnnà lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò ní ilé ìwé.

Wíwọ inú omi

Omi Èkó máa ń wà ní nǹkan bí 27°C. Ti Brighton ń tó 17 tàbí 18°C ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, ó sì lè lọ sílẹ̀ dé 7 tàbí 8 ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta. Omi tó bá ti rẹlẹ̀ ju 15°C lọ lè fa ìjayà omi tútù: èémí á já, èèyàn á mí kanlẹ̀ láìfẹ́, ọkàn á máa lù kìkì. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, omi ló máa fà sínú. Nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ló ń gbà kí ara tó rọlẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ rárá. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS tàbí SC, kí ó yẹra fún omi tútù, nítorí òtútù wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìrora rẹ̀ dìde. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ikọ́ fée gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Orí òkúta náà dùn ún jókòó sí.

Bí ẹ bá fẹ́ di ẹni tó ń wẹ̀ lóṣù Kejìlá, oṣù Kẹsàn-án tí ẹ dé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ara máa bá omi lọ bó ṣe ń tutù sí i. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Àárín àsíá pupa-òun-yẹ́lò méjì ni kí ẹ ti wẹ̀. Àsíá pupa lásán: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ omi. Àsíá dúdú-òun-funfun: ti àwọn tó ń gun pátákó lórí ìgbì ni, kì í ṣe ti olùwẹ̀.

Ohun tí ẹ ó mú lọ: bàtà rọ́bà tí omi kì í bọ́ (òkúta ọta ni etí òkun náà, iyanrìn kì í yọ àfi bí òkun bá fà), fìlà ìwẹ̀ aláwọ̀ títàn, kí ẹni tó dì irun tàbí tó so àtamọ́ ra èyí tó fẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì, súwẹ́tà tó nípọn, fúláàsì ògì gbígbóná tàbí tíì alátalẹ̀. Ẹ fi òrí pa irun àti ojú kí ẹ tó wọ omi, iyọ̀ kò ní gbẹ wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ to aṣọ yín sórí òkúta bí ẹ ó ṣe wọ̀ ọ́, èyí tí ẹ kọ́kọ́ máa wọ̀ ni kó wà lókè, torí ìka yín kò ní gbọ́rọ̀ nígbà tí ẹ bá jáde.

Ẹ má dá lọ. Ẹ rìn wọ inú omi, ẹ má bẹ́ sí i láé. Ẹ bu omi sí ọrùn àti ojú, ẹ máa mí síta díẹ̀díẹ̀ títí èémí á fi balẹ̀, kí ẹ tó na ara. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀, ẹ má dojú kọ agbami, kí ẹ sì wà níbi tí ẹsẹ̀ yín lè kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó nígbà àkọ́kọ́; nígbà òtútù, méjì tó. Ẹ jáde nígbà tí ó ṣì ń dùn mọ́ yín. Bí ìka bá ti ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹ ò lè pa wọ́n pọ̀ mọ́, ó ti pẹ́.

Ara ń tutù sí i fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Nítorí náà, ẹ wọ aṣọ òkè ná, kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mu ohun gbígbóná, ẹ máa rìn. Ẹ má lọ dúró sábẹ́ omi gbígbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó lè mú kí òòyì kọ́ yín kí ẹ sì ṣubú.

Bí nǹkan bá yíwọ́ nínú omi, ẹ má jà. Ẹ dojú sókè, ẹ tẹ orí sẹ́yìn kí etí wọ omi, ẹ máa rọra fi ọwọ́ gbọn omi, kí ẹ léfòó títí èémí yóò fi padà. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló wà nínú ewu, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e: ẹ pe 999, ẹ béèrè Coastguard, àwọn agbẹ̀mílà etíkun, kí ẹ ju ohun tó lè léfòó sí i.

Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń da ọjọ́ ìwẹ̀ rú níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbì tó ń fọ́ lé ẹsẹ̀ ilẹ̀. Etí òkun olókùúta máa ń dà gẹ̀rẹ́, nígbà tí òkun bá sì kún, ìgbì á fọ́ lójijì níbi tí ẹ ti ń jáde, á gbé yín ṣubú, á tún fà yín padà. Bí ẹ bá rí i pé òkúta ń hó bí ìgbì ṣe ń padà, ẹ fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Èkejì ni afẹ́fẹ́ àríwá. Gúúsù ni etí òkun Brighton dojú kọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ti àríwá wá ń tẹ́ omi pẹrẹsẹ ní ẹ̀bá ilẹ̀, á dà bíi pé òkun ti sùn, bẹ́ẹ̀ ó ń tì gbogbo ohun tó bá léfòó lọ sí agbami. Pátákó àti ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ sí kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni omi ìdọ̀tí: lẹ́yìn òjò ńlá, wọ́n lè da omi ṣáláńgá sínú òkun. Áàpù Safer Seas & Rivers Service ń fi hàn, bí kò bá sì dá yín lójú, ẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀kẹrin ni ẹja weever, tó ń sin ara rẹ̀ sínú iyanrìn tó yọ nígbà tí òkun bá fà. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró. Bó bá gún yín, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ inú omi tó gbóná dé ibi tí ẹ lè fara dà, láìjó yín, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ooru ló ń pa oró náà. Omi tútù kò ṣe nǹkan kan.

Ìrìn lábẹ́ bèbè àti lórí rẹ̀

Bí ẹ bá ní wákàtí méjì péré, ẹ gba ọ̀nà Undercliff láti Brighton Marina lọ sí Saltdean. Nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ni, ó tẹ́jú, wọ́n ṣí i ní 1933, bèbè ẹfun funfun wà lápá òsì, òkun wà lápá ọ̀tún. Bọ́ọ̀sì 27 á gbé yín padà. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ le tí òkun sì kún, ìgbì máa ń bẹ́ sórí ọ̀nà náà, wọ́n sì lè tì í.

Ìrìn orí bèbè ẹfun Seven Sisters gba odindi Sátidé. Ẹ wọ reluwé láti Brighton lọ sí Seaford, ẹ rìn dé Eastbourne, ẹ wọ reluwé padà. Nǹkan bíi kìlómítà 22 ni, wákàtí mẹ́fà sí méje, òkè àti ìsàlẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Beachy Head, tó ga ní mítà 162, ni ẹ ó gùn kẹ́yìn, nígbà tí orókún ti ń sọ̀rọ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni ẹnu odò Cuckmere: kò sí afárá níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yà sínú ilẹ̀ lọ gba afárá Exceat, èyí tó ń fi nǹkan bíi wákàtí kan kún ìrìn. Ẹ má ṣe wọ́ odò yẹn kọjá. Bí ìrìn náà bá gùn jù, ẹ gbé bọ́ọ̀sì 12 lọ sí Exceat, kí ẹ ti ibẹ̀ rìn.

Ẹfun kì í ṣe òkúta líle. Òjò àti yìnyín ń là á, òkun ń jẹ ìdí rẹ̀, ibi tí ẹ dúró sí lókè lè jẹ́ ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lábẹ́ mọ́. Ẹ fi ó kéré tán mítà márùn-ún sílẹ̀ sí etí bèbè, àní bí ẹ bá rí ogún èèyàn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ má sì jókòó jẹun sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ní Ovingdean àti Rottingdean, nígbà tí òkun bá fà, pèpéle ẹfun ń yọ pẹ̀lú kòtò omi kéékèèké: akàn, ẹja wẹ́wẹ́, òdòdó òkun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ mú oúnjẹ. Ẹ débẹ̀ ní wákàtí kan kí òkun tó fà tán, ẹ kúrò kó tó pé wákàtí kan àbọ̀ tó ti ń padà wá. Koríko òkun tútù ń yọ̀ gan-an, bàtà tó ní eyín ni kí ẹ wọ̀. Òkúta tí ẹ bá yí, ẹ dá a padà bó ṣe wà, torí ohun tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ á kú sínú oòrùn. Ó máa wù yín láti sọ gbogbo rẹ̀ di ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìgbafẹ́ lásán ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ó kéré tán.

Titus tó ṣì ń jà

Ẹja tí a ń rà ní dídì ní ọjà wa, tí a ń pè ní Titus, mackerel ni, ó sì ń sún mọ́ etí òkun Brighton láti nǹkan bí oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ láti fi ìwọ̀ pẹja láti etí òkun. Ẹja inú odò àti adágún ló nílò rẹ̀.

Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 12 ni ẹ nílò, àlòkù dára. Okùn tí wọ́n ti so ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ mọ́ ń wá ní ìwọ̀ mẹ́fà. Ẹ gé e sí mẹ́ta, nítorí mẹ́fà á lọ́ mọ́ra á sì gún yín. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀, kó lè rọrùn láti yọ bó bá gún ọwọ́. Òjé tó tó gíráàmù 110 ló ń wà nísàlẹ̀. Àkókò tó dára jù ni wákàtí méjì kí òkun tó kún sí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, nírọ̀lẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn yín kí ẹ tó jù ú. Ẹ jẹ́ kó rì, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ ká okùn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ yí kíkà yín padà: ẹja náà lè wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Èyí tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ dá a padà. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú yìnyín. Bí Titus bá gbóná fún wákàtí mélòó kan, oró kan ń wáyé nínú ẹran rẹ̀ tí sísè kò lè pa. Ojú á pọ́n, ara á máa yún yín. Ẹ mú iye tí ẹ lè jẹ. Títa ẹja tí ẹ mú fún ìgbafẹ́ lòdì sófin.

Súyà létí òkun

Kìlógíráàmù kan ẹran màlúù tí kò lọ́ràá: ẹ gbé e sínú fìrísà fún ìṣẹ́jú 40 kó lè ṣeé gé pẹlẹbẹ. Fún yájì, gíráàmù 150 kúlíkúlí lílọ̀, ṣíbí ìjẹun méjì ata gígún, ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan atalẹ̀ àti àlùbọ́sà gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, ṣíbí kékeré méjì iyọ̀, kúùbù Maggi kan. Bí kò bá sí kúlíkúlí, ẹ lọ ẹ̀pà sísun, kí ẹ sì fi bébà ìnuwọ́ fún òróró rẹ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa di ọbẹ̀. Ẹ rẹ igi súyà sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó má baà jó. Ẹ to ẹran sí i, ẹ fi yájì pa á, ẹ fi òróró ẹ̀pà wọ́n ọn, ẹ jẹ́ kó dúró fún wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá lórí èédú tó ti funfun, ẹ máa yí i.

Ẹ ka pátákó ìjọba ìbílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dáná, nítorí kì í ṣe ibi gbogbo tàbí ìgbà gbogbo ni wọ́n gbà. Ẹ má sin èédú sábẹ́ òkúta nígbà tí ẹ bá ṣe tán: ó ń gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọmọdé ló sì máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Ẹ da omi òkun lé e títí tí kò fi ní hó mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ lẹ ti fẹ́ yan án, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn ìdáná. Èéfín ata lè mú aago iná dún kí gbogbo ilé jáde síta lóru.

Àwọn tí ẹ ó pàdé

Ìlú tí ẹ ti ń kọ́ni kéré. Ẹ ó pàdé ọmọ kíláàsì yín àti òbí rẹ̀ lórí òkúta, ẹ̀yin pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀. Ẹ kí wọn kúkúrú, ẹ máa lọ. Ẹ má gba ọmọ kankan sí Instagram tàbí WhatsApp yín, ẹ ti ojúewé yín pa mọ́ àjèjì, kí ẹ sì rí i pé kò sí ọmọ ẹlòmíràn nínú fọ́tò tí ẹ bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlànà ìwà olùkọ́ ń tẹ̀ lé yín jáde kúrò nínú kíláàsì.

Kí ojú má baà tì yín lójijì: láti 1980 ni wọ́n ti ya apá kan etí òkun sọ́tọ̀, nítòsí Marina, fún àwọn tó fẹ́ wà níhòòhò. Àkọlé wà níbẹ̀. Ẹ kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ má sì gbé fóònù sókè.

Owó àti físà

Físà akẹ́kọ̀ọ́ gba iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ láàárín táàmù fún ẹni tó ń ka dígírì tàbí ohun tó jù ú lọ. TP tó jẹ́ ara ẹ̀kọ́ yín kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà yín láyè láti ṣe òwò ti ara yín, ibí yìí sì ni ìgbafẹ́ ti ń di ọ̀ràn. Bí ẹ bá di irun ọ̀rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò burú. Bí ẹ bá ń gbowó lórí rẹ̀, òwò ni. Bákan náà ni síse jọ̀lọ́ọ̀fù tà, kíkọ́ ọmọ onílé lẹ́kọ̀ọ́ fún owó láìsí agbanisíṣẹ́, àti jíjẹ́ alága ìjókòó lóde ìgbéyàwó fún owó. Físà náà tún ka iṣẹ́ eléré sí èèwọ̀, nítorí náà ẹni tó mọ dùndún lù lè lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi àpèjẹ, kó má gba owó iṣẹ́.

Ohun tó ń dín ìnáwó kù jù ni káàdì reluwé 16–25. £35 ni lọ́dún, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀. Kò di dandan kí ẹ wà lábẹ́ 26: ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ tó ń kàwé lójoojúmọ́ lè gbà á, bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, yàtọ̀ sí oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kò lè dín ní £12 pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà Sátidé ni kí ẹ fi lọ ra èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ní Peckham, ní London. Ẹ yẹ ojúewé Southern, iléeṣẹ́ reluwé, wò lálẹ́ Fúráìdè, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, tí bọ́ọ̀sì á wá rọ́pò reluwé, tí ìrìn wákàtí kan á sì di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.